Ẹ Lọ Wo Agbabu Kí Ẹ Tó Fi Ọwọ́ Sí Ìwé

Ojoojúmọ́ ni àwọn ènìyàn wa ń gba Ọ̀rẹ̀ kọjá. Ẹni tí ó ń ti Èkó lọ sí Bìní, ẹni tí ó ń ti Bìní bọ̀ wá sí Ìjẹ̀bú, oníṣòwò, agbẹjọ́rò, olùkọ́, ìjòyè tí ó ń lọ síbi òkú àna rẹ̀, gbogbo wọn ni wọ́n ń sọ̀ kalẹ̀ níbẹ̀ láti jẹun, kí wọ́n ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti búrẹ́dì, kí wọ́n sì tún wọ ọkọ̀. Bí ẹnikẹ́ni nínú wọn bá ní ohun kan láti sọ nípa Ọ̀rẹ̀, ti ogun ọdún 1967 ni yóò sọ, nígbà tí àwọn ọmọ-ogun Biafra gba Bìní ní oṣù kẹjọ, tí wọ́n sì dé Ọ̀rẹ̀ kí àwọn ọmọ-ogun Ìjọba Àpapọ̀ tó lé wọn padà. "Ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀" ti di ọ̀rọ̀ ẹnu wa, tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ tí kò mọ ẹni tí ó bá ẹnìkan jà níbẹ̀ pàápàá ń fi í dá àpárá. A kò bínú sí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ní ìhà gúúsù Ọ̀rẹ̀, nínú ìjọba ìbílẹ̀ Odígbó kan náà, ìlú kan wà tí ènìyàn lè lọ kí ó sì bọ̀ ní ọjọ́ kan ṣoṣo láìyára. Bí a bá ní kí àwọn ìjòyè àti àwọn ọ̀mọ̀wé tí wọ́n ń ka ìwé wa yìí nawọ́ sókè, kí ẹni tí ó ti dé Agbabu rí fi ara hàn, ẹ̀rù ń bà wá pé ọwọ́ díẹ̀ ni a ó rí.

Agbabu ni ibi tí ọ̀dà ilẹ̀, èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní bitumen, ti ń sun jáde fúnra rẹ̀. A kò sọ ti ọ̀dà tí àwọn òṣìṣẹ́ ń sè nínú àgbá lẹ́bàá títì. Èyí ń ti abẹ́ ilẹ̀ wá láìsí pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́. Nígbà tí ilẹ̀ bá tutù, a máa le, a sì máa dán bí ìdí ìkòkò. Nígbà tí oòrùn bá dé àtàrí, a máa rọ̀, a sì máa wọ́ díẹ̀díẹ̀ bí oyin tí ó ti pẹ́ nínú ìgò, títí yóò fi lẹ̀ mọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ ẹni tí kò wo ilẹ̀. Agbabu nìkan kọ́ ni ó ní i. Ilẹ̀ ọlọ́dà náà gùn tó nǹkan bí 120 kìlómítà, láti ìhà Ìjẹ̀bú, ó la ilẹ̀ Odígbó àti ilẹ̀ Ìkálẹ̀ já, ó sì wọ ìpínlẹ̀ Ẹ̀dó. Ṣùgbọ́n orúkọ Agbabu ni ó lọ jìnnà jù lọ. Ẹni tí ó bá ṣí ìwé àwọn onímọ̀ kẹ́mísìrì yóò bá orúkọ náà pàdé léraléra, nítorí pé àwọn olùkọ́ yunifásítì ti bu ọ̀dà rẹ̀ lọ, wọ́n ti wọ̀n ọ́n, wọ́n ti sè é, wọ́n ti ka ohun tí ó wà nínú rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn àgbà ní àjòjì lójú ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ti Agbabu ti dorí òwe náà kodò: àjòjì ni ó ń ríran, onílé ni ó lajú sílẹ̀ lásán.

Kì í sì í ṣe òní ni àjòjì ti ń ríran. Ní ọdún 1907 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní Gúúsù Nàìjíríà ṣe òfin lórí wíwa epo ilẹ̀, nítorí pé ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Bergheim àti ilé-iṣẹ́ rẹ̀, Nigerian Bitumen Corporation, ti ń bẹ̀rẹ̀ sí kan ilẹ̀kùn. Ìjọba yá a ní owó pẹ̀lú. Láti 1908 ni wọ́n ti ń gbẹ́ kànga káàkiri agbègbè yìí; epo rọ̀bì ni wọ́n ń wá, ọ̀dà ni wọ́n ń bá. Bergheim kú ní 1912, ogun àgbáyé kìíní bẹ́ sílẹ̀ ní 1914, iṣẹ́ sì dúró. Ẹ jẹ́ kí a ṣàkíyèsí ètò wọn: òfin ni ó kọ́kọ́ dé, owó tẹ̀lé e, irin ìgbẹ́lẹ̀ ni ó dé kẹ́yìn. Àwa ní tiwa, ó tó 110 ọdún lẹ́yìn wọn, a kò tíì ní ju ariwo lọ.

Ariwo náà ni iye kan tí ó wà lẹ́nu gbogbo olóṣèlú, bílíọ̀nù 42. Ẹnìkan a ní bílíọ̀nù 42 àgbá. Ẹlòmíràn a dìde, a ní bílíọ̀nù 42 tọ́ọ̀nù, àwọn èrò a sì pàtẹ́wọ́ fún àwọn méjèèjì. Tọ́ọ̀nù ọ̀dà kan súnmọ́ àgbá mẹ́fà. Bí bàbá kan bá fi oko sílẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀, tí ọ̀kan ní éékà mẹ́wàá ni, tí èkejì ní ọgọ́ta ni, ẹni tí ó bá gbọ́ yóò mọ̀ pé kò sí èyí tí ó ti dé oko nínú wọn. Ní gbogbo àkókò yìí, ọkọ̀ òkun ni a fi ń kó ọ̀dà wọ orílẹ̀-èdè yìí láti ìlú òkèèrè, àwọn tí wọ́n sì gba ọ̀nà Bìní ní àwọn ọdún 2000 sí 2010 kò ní gbàgbé àwọn kòtò tí wọ́n bá lẹ́bàá Ọ̀rẹ̀, lórí ilẹ̀ tí ọ̀dà kò jìnnà sí.

Àwọn kan nínú yín ní agbára láti rin ìrìn àjò afẹ́ dé àwọn erékùṣù Karibíánì. Ẹ jẹ́ kí a bá yín dé ọ̀kan nínú wọn, Trinidad, níbi tí Yorùbá kò ti ṣàjèjì, nítorí pé a kó àwọn ènìyàn wa dé ibẹ̀, a sì ń bọ Ṣàngó àti Ògún níbẹ̀ di òní. Ní etíkun gúúsù-ìwọ̀-oòrùn rẹ̀ ni ìlú kékeré La Brea wà. Èdè Spéènì ni orúkọ náà, ọ̀dà sì ni ìtumọ̀ rẹ̀. Adágún ọ̀dà kan wà níbẹ̀ tí ó fẹ̀ tó nǹkan bí 100 éékà, tí ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ rìn lórí ọ̀pọ̀ rẹ̀. Walter Raleigh dé ibẹ̀ ní 1595, ó sì fi ọ̀dà náà dí ihò ara ọkọ̀ rẹ̀. Ní 1876, òun ni wọ́n lò láti tẹ́ òpópónà Pennsylvania ní Washington, olú-ìlú Amẹ́ríkà. Títí di ìgbà tiwa ni wọ́n ń wa á tà, síbẹ̀ àwọn àlejò ń wá wò ó, àwọn ọmọ ìlú a sì mú wọn rìn lórí rẹ̀, wọn a fi ibi tí ó le àti ibi tí ó rọ̀ hàn wọ́n, wọn a sì pa ìtàn àwọn ará àtijọ́ fún wọn, pé ìlú kan wà níbẹ̀ rí tí àwọn ènìyàn rẹ̀ pa ẹyẹ kékeré tí ó jẹ́ ẹ̀mí àwọn baba ńlá wọn jẹ, tí òrìṣà sì la ilẹ̀, tí ọ̀dà gbé gbogbo wọn mì.

A kò fi La Brea ṣe ọ̀run rere. Àwọn ilé ibẹ̀ a máa wọ́ nítorí pé ilẹ̀ ń rìn lábẹ́ wọn, àwọn ará ìlú náà sì ti ń ráhùn tipẹ́ pé iṣẹ́ kò sí fún àwọn ọ̀dọ́ wọn bí ọ̀dà wọn ti tẹ́ títì ìlú òkèèrè tó. Ìyẹn gan-an ni a fi mẹ́nu kàn án. Àwọn tí wọ́n mọ ilẹ̀ wọn tó bẹ́ẹ̀, ìyà ṣì ń jẹ wọ́n níbi àjọpín; kí ni yóò ṣẹlẹ̀ sí àwọn tí kò mọ tiwọn rárá?

Ìdáhùn tí a máa ń gbọ́ ni pé, "Kí ni a fẹ́ lọ wò ní Agbabu? Ilé ìtura ńlá kò sí níbẹ̀." Ẹni tí ó bá sọ báyìí ń sọ̀rọ̀ ibùsùn, kò sọ̀rọ̀ ogún. A kò ní kí ẹnikẹ́ni lọ sùn níbẹ̀.

Èkejì ni ó lágbára, ẹnu àwọn agbẹjọ́rò ni a sì ti ń gbọ́ ọ. Wọ́n ní Òfin Ilẹ̀ ti 1978 ti fi ilẹ̀ sí ọwọ́ Gómìnà, Òfin Orílẹ̀-èdè ti 1999 sì ti fi ohun tí ó wà nínú ilẹ̀ sí ọwọ́ Ìjọba Àpapọ̀, nítorí náà kí ni Ọba ń wá níbẹ̀, kí ni ìjòyè ń wá? Òótọ́ ni wọ́n sọ, ṣùgbọ́n wọn kò sọ ọ́ tán. Òfin Ìwakùsà ti 2007, ní ẹsẹ 116 rẹ̀, sọ pé ẹni tí a bá fún ní ìwé àṣẹ láti wa kùsà gbọ́dọ̀ bá àwọn ará ìlú tí ibẹ̀ jẹ́ tiwọn ṣe àdéhùn kí ó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kankan: lórí ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ wọn, lórí iṣẹ́ fún wọn, lórí ọ̀nà àti ilé ìwòsàn, lórí bí a ó ti tọ́jú ilẹ̀ àti omi. Ọdún márùn-ún márùn-ún ni a ó máa tún àdéhùn náà yẹ̀ wò, ó sì de àwọn méjèèjì. Bí wọn kò bá sì lè fi ohùn ṣọ̀kan, Mínísítà ni yóò dá ẹjọ́ náà.

Ẹ̀yin ìjòyè, ẹ fi ara balẹ̀ gbọ́ èyí. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọkùnrin kan tí ó wọ aṣọ dáradára yóò gbé ìwé Gẹ̀ẹ́sì ká iwájú yín, yóò sì fi igi ìkọ̀wé lé yín lọ́wọ́. Odò mélòó ni ó wà nínú ilẹ̀ tí a yà sí inú àwòrán rẹ̀? Oko kòkó ta ni, oko ọ̀pẹ ta ni? Ibojì àwọn ta ni ó wà níbẹ̀, igbó òrìṣà wo ni kò gbọdọ̀ kú? Bí ọ̀dà bá súnmọ́ òkè ilẹ̀, igbó ni wọn yóò kọ́kọ́ ká kúrò bí ẹni ká ẹní, lẹ́yìn náà orí ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Bí ó bá jìn, ooru omi ni wọn yóò fi yọ́ ọ nísàlẹ̀ kí ó tó lè jáde, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe ní Alberta ní ilẹ̀ Kánádà, omi tí wọn yóò sì sè kò kéré. Níbo ni wọn yóò ti pọn ọ́n bí kì í bá ṣe inú odò tí ó súnmọ́ wọn? Odò Olúwa tí ó gba ẹ̀bá Agbabu kọjá kò dúró níbẹ̀. Ó ń ṣàn lọ sínú ọ̀sà, sọ́dọ̀ àwọn Ìlàjẹ tí wọ́n ń dẹ àwọ̀n. Ẹni tí kò bá tíì fi ojú rí odò náà yóò fi ọwọ́ sí i lọ láìmọ̀.

Ẹ ti gbọ́ orúkọ Oloibiri. Ní 1956 ni wọ́n kan epo rọ̀bì níbẹ̀, òun ni kànga àkọ́kọ́ tí ó mú èrè wọ ilẹ̀ yìí. Nígbà tí ó máa fi di 1978, wọ́n ti pa á tì. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ohun tí ó ṣẹ́kù fún àwọn onílẹ̀, kí ó lọ bi wọ́n.

Ohun tí a ń béèrè kò pọ̀. Kí àwọn ìjòyè Odígbó àti ti Ọ̀rẹ̀, kí àwọn àgbà Ìkálẹ̀ àti Ìlàjẹ tí omi náà kàn, yan ènìyàn láti lọ sí Agbabu: agbẹjọ́rò kan, olùkọ́ kan tí ó mọ ìwé àti ilẹ̀, àgbẹ̀ kan, apẹja kan, àti obìnrin kan tí ń pọn omi, nítorí pé obìnrin ni yóò kọ́kọ́ mọ̀ bí omi bá ti yí padà. Kí wọ́n kọ́kọ́ yà kí Baálẹ̀ pẹ̀lú obì, kí wọ́n gbọ́ ohun tí àwọn onílẹ̀ ní láti sọ kí wọ́n tó la ẹnu tiwọn. Kí wọ́n kọ orúkọ gbogbo odò, gbogbo oko, gbogbo ibojì sínú ìwé ní èdè Yorùbá, kí ẹ̀dà rẹ̀ wà ní ààfin, kí òmíràn wà ní ilé-ẹ̀kọ́. Kí àdéhùn kankan má sì ṣe di àdéhùn lójú wa títí a ó fi túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, tí a ó sì kà á sókè ní gbangba ìlú, ní ọjọ́ ọjà, tí àwọn ìyá àgbà pàápàá ó gbọ́.

A kò fẹ́ onílù, a kò fẹ́ aṣọ ẹgbẹ́, a kò sì fẹ́ ẹni tí yóò lọ ya àwòrán ara rẹ̀ lẹ́bàá kànga tí yóò sì padà sí Ọ̀rẹ̀ lọ jẹ iyán. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kí a lọ, ní oṣù Ṣẹẹrẹ tàbí Èrèlè, nígbà tí oòrùn ń mú kí ọ̀dà jáde dáadáa. Kí olúkúlùkù wọ bàtà àtijọ́, èyí tí kò ní dùn ún bí ọ̀dà bá gbà á lẹ́sẹ̀ rẹ̀.