Omi Bíréèkì Kì Í Ṣe Ọ́ìlì

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ orúkọ. Ohun tó wà nínú ike kékeré orí másítà bíréèkì, tí gbogbo wa ń pè ní "ọ́ìlì bíréèkì" ní Ìlọrin níbí, kì í ṣe ọ́ìlì rárá. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀, ẹ kán díẹ̀ nínú ẹ̀ sínú ife omi kan, kẹ́ ẹ kán ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sínú ife kejì. Ti bíréèkì á yòrò mọ́ omi, ti ẹ́ńjìnnì á léfòó. (Ẹ má jẹ́ kó kan ojú yín o, ẹ má sì jẹ́ kó kan ọ̀dà ọkọ̀, á bó o.)

Èrò tèmi ni pé orúkọ yìí ń dá kún pẹ́dàlì tó ń rì mọ́ àwọn awakọ̀ wa lẹ́sẹ̀. Ẹni tó bá ti ń gbọ́ "ọ́ìlì" látọjọ́ yìí ò ní rí ohun tó burú nínú kó bu ọ́ìlì mìíràn sí i.

Inú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ni àìsàn yìí ti sábà máa ń fara hàn. Ẹ wo ọkọ̀ ọtomátíìkì kan ní Tipper Garage, Tanke, nírọ̀lẹ́. Gíà wà ní D, ẹsẹ̀ wà lórí bíréèkì, ọkọ̀ dúró. Ó ṣe díẹ̀, pẹ́dàlì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ọkọ̀ sì ń rọra yọ́ lọ sídìí kẹ̀kẹ́ NAPEP tó wà níwájú. Awakọ̀ gbẹ́sẹ̀, ó tún un tẹ̀ kíá, ó mú! Ló bá ní, "Kò sí wàhálà, kí n ṣáà máa pọ́ǹpù ẹ̀." Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà.

Òfin tí Blaise Pascal, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ṣàlàyé ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún ni bíréèkì ń lò: tẹ́ ẹ bá ti omi tó wà nínú ohun tó dé pinpin, ìtì yẹn á dé gbogbo igun ibẹ̀ láìdín kù. Písítìn inú másítà ló ń ti omi náà. Rọ́bà rìbìtì kan tí ètè ẹ̀ fẹ́lẹ́ ni kì í jẹ́ kí omi gba ẹ̀gbẹ́ písítìn sá padà. Ẹ rántí fáńpù kẹ̀kẹ́ tí awọ inú ẹ̀ ti gbó: ẹ̀ ń tì í, ẹ̀ ń làágùn, táyà ò le. Tí ètè rọ́bà másítà bá ti gé tàbí ó ti rọ̀, omi á máa gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ padà sẹ́yìn, pẹ́dàlì á máa rì, ẹ ò sì ní rí ẹ̀kán kan nílẹ̀. Tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ kíákíá, ètè lè fẹ̀ mọ́ ògiri kó mú. Tẹ́ ẹ bá rọra tẹ̀ ẹ́, á jẹ́ kí omi kọjá. Bí pọ́ǹpù ṣe ń tan awakọ̀ jẹ nìyẹn.

Tí ọkọ̀ bá wá dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, wọ́n sábà máa ń bu "ọ́ìlì" kún un, wọ́n á yọ afẹ́fẹ́, ó parí. Mi ò ní ká má yọ afẹ́fẹ́. Àmọ́ pẹ́dàlì tí afẹ́fẹ́ wà nínú ẹ̀ máa ń rọ̀ bíi tìmùtìmù ni. Tẹ́ ẹ bá pọ́ǹpù ẹ̀, á gòkè. Èyí tó ń rì nígbà tẹ́sẹ̀ ṣì wà lórí ẹ̀ yàtọ̀. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ tẹ bíréèkì bí ẹ̀ẹ̀marùn-ún kí agbára inú búsítà lè tán, kẹ́ ẹ wá tẹ̀ ẹ́ mú fún ìṣẹ́jú kan. Tó bá ń rì, ẹ wo ike yẹn. Omi tó ń dín kù ń jò síbì kan: nídìí táyà, lára páìpù tàbí ọ́ọ̀sì, tàbí lẹ́yìn másítà, níbi tó ti ń jò wọnú búsítà tí ojú ò tó. Tí omi ò bá dín kù, másítà ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí. Mẹkáníìkì lè tú páìpù kúrò lára ẹ̀, kó dí ojú ihò wọn pa, kó tún tẹ bíréèkì. Tó bá ṣì ń rì, ẹjọ́ ti parí nìyẹn. (Pẹ́dàlì tó lọ sílẹ̀ díẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ ṣíná ọkọ̀ kì í ṣàìsàn, búsítà ló jí.)

Kí ló wá pa rọ́bà? Ó lè jẹ́ ọjọ́ orí. Ó lè jẹ́ ọ̀rinrin, torí omi bíréèkì máa ń fa omi mọ́ra látinú afẹ́fẹ́. DOT 3 tuntun gbọ́dọ̀ gbóná dé 205°C ó kéré tán kó tó hó; èyí tó ti mu omi lè hó ní 140°C. Omi yẹn náà ló ń mú kí ògiri másítà dípẹtà, ìpẹtà á sì máa họ rọ́bà. Ẹ wá ro ike DOT tí wọ́n ti ṣí, tó wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì látìgbà tójò ti bẹ̀rẹ̀.

Àmọ́ èyí tó ń bí mi nínú jù ni ọ́ìlì. EPDM ni wọ́n ń pe irú rọ́bà tó wà nínú ọ̀pọ̀ bíréèkì. Òun àti omi bíréèkì ń gbé pọ̀ láìjà, ṣùgbọ́n tó bá pàdé ohun tó wá látinú epo rọ̀bì, bí ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tàbí ọ́ìlì sítíárì, ńṣe ló máa ń wú. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bíréèkì á mú dáadáa, a ó ní owó wa ò ṣòfò. Nígbà tó bá yá, rọ́bà tó wú ò ní jẹ́ kí omi padà, bíréèkì á di táyà mú, á máa gbóná. Lẹ́yìn náà ètè á rọ̀, pẹ́dàlì á rì. Ẹ wo rọ́bà abẹ́ ìdérí ike yẹn: tó bá ti wú, tó ká kò, tí kò wọ àyè ẹ̀ mọ́, ọ́ìlì ti wọlé. Nígbà náà, másítà tuntun nìkan ò ràn án. Gbogbo rọ́bà tí omi yẹn kàn, dé ẹsẹ̀ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ló gbọ́dọ̀ jáde, kí wọ́n sì fọ páìpù. Ẹ fi owó ìyẹn wé owó ike DOT kan ṣoṣo.

Ní ti àtúnṣe, rọ́bà nìkan tó tí ògiri másítà bá ṣì ń dán. Tó bá ti dípẹtà, ẹ pààrọ̀ odindi, kẹ́ ẹ yọ afẹ́fẹ́ inú ẹ̀ kẹ́ ẹ tó dè é mọ́ ọkọ̀. Tó bá jẹ́ afẹ́fẹ́ lẹ fẹ́ yọ lára ọkọ̀ tí másítà ẹ̀ ti pẹ́, ẹ ki igi sábẹ́ pẹ́dàlì kó má kanlẹ̀, kí rọ́bà má lọ gun ibi tí ìpẹtà wà.

Ẹ̀yin ọ̀gá mẹkáníìkì, mo mọ̀ pé ẹ ó ní ìwé la kà, iṣẹ́ lẹ̀ ń ṣe. Òótọ́ ni. Ẹ ṣáà bá wa kọ́ àwọn ọmọṣẹ́ yín ní ọ̀rọ̀ orúkọ yìí kí wọ́n tó ṣe fíríídọ̀mù. Àjọ FRSC, tó ti wà láti 1988, ní kóòdù fún bíréèkì tó kọṣẹ́: BFL. Kóòdù yẹn ò lè sọ fún wa bóyá ọ́ìlì gíà ló wà nínú másítà. Àwọn VIO tó ń dá wa dúró béèrè ìwé ọkọ̀ lè ṣí ìdérí ike yẹn wò, ìṣẹ́jú kan ni.

Tí tiyín bá sì ti ń rì báyìí, ẹ má wà á lọ sí sọ́ọ̀bù. Ẹ pe mẹkáníìkì kó wá bá a níbi tó wà.