Ẹjọ́ Ọmọ Etí Ọ̀sà

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó ìdájọ́, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ẹni tó wà nínú igbá ẹjọ́. Ìjọba ni: ti Àbújá, ti Aláùsá, àtàwọn aláṣẹ ilé-ẹ̀kọ́ girama tó wà lábẹ́ wọn. Àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ ni ọmọ Ìlàjẹ, ọmọ Ẹ̀gùn àti ọmọ Ìjọ̀ etí ọ̀sà, láti Báyẹ̀kú títí dé Ẹ̀pẹ́, àwọn tó ń bọ́ sílẹ̀ nínú dánfó ní gáréèjì Ìkòròdú lọ́sàn-án tàwọn ti aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ lọ́rùn. Bí ọkàn wọn bá dàrú, ohun tí ìjọba ń sọ fún wọn ni pé kí wọ́n tẹ nọ́ńbà kan lórí fóònù.

Ẹ̀sùn kìíní: wọ́n mọ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù Èrèlé 2016, agbébọn kó ọmọbìnrin mẹ́ta ní Babington Macaulay Junior Seminary n'Ìkòròdú. Nínú oṣù Ọ̀wàrà ọdún yẹn kan náà, wọ́n ya wọ Model College Ìgbónla l'Ẹ̀pẹ́, wọ́n kó akẹ́kọ̀ọ́, wọ́n kó olùkọ́. Ní ọjọ́ 25 oṣù Èbìbí 2017, wọ́n padà sí Ìgbónla yìí kan náà, wọ́n kó ọmọkùnrin mẹ́fà, ó sì lé ní 60 ọjọ́ kí àwọn ọmọ náà tó fojú kan ilé. Láàrin àkókò yìí náà ni ẹgbẹ́ apànìyàn Badoo ń fi òkúta fọ́ orí àwọn èèyàn lójú oorun n'Ìkòròdú. Kí ni gbogbo ẹnu ń sọ nígbà náà? Ọgbà, ọlọ́pàá, ṣọ́jà. Mi ò bá ọgbà jà. Ṣùgbọ́n ọgbà kì í bá ọmọ tó ń ta gìrì lóru sọ̀rọ̀. Ẹ sì tún wo ọmọ Ìjọ̀ tó jókòó sí kíláàsì lọ́sẹ̀ tí gbogbo àdúgbò ń pariwo pé àwọn èèyàn rẹ̀ ni ajínigbé. Ta ló fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan? Ẹni tí kò mọ̀ ṣeé foríjì. Àwọn wọ̀nyí ka ọjọ́, wọ́n ka orí, wọn ò ka ọkàn.

Ẹ̀sùn kejì ni pé wọ́n ba iṣẹ́ tó ti wà nílẹ̀ jẹ́. Láti 1959 ni àwọn sísítà ní St. Theresa's College, Òkè-Àdó, n'Ìbàdàn, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùdámọ̀ràn láàrin àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ẹ bi ọmọ girama lónìí nípa iṣẹ́ olùdámọ̀ràn. Yóò ní òun ló ń sọ bóyá sáyẹ́ǹsì ló kan èèyàn tàbí áàtì. Iṣẹ́ tó ti ju 60 ọdún lọ, wọ́n sọ ọ́ di yíyan sọ́bújẹ́ẹ̀tì.

Èyí tó tẹ̀ lé e ló burú jù lójú tèmi: wọ́n fi fóònù bojú. Àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ló ń ṣe iṣẹ́ orí fóònù yìí. Ẹgbẹ́ MANI ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ lórí fóònù àti WhatsApp láti 2016 tí wọ́n ti dá a sílẹ̀. Àwọn dókítà ilé ìwòsàn LUTH náà ní SURPIN tiwọn, tó wà fún ẹni tó fẹ́ pa ara rẹ̀. A ò pe àwọn yẹn lẹ́jọ́. Ẹni tó gbé ẹrù ìjọba lé wọn lórí tó sì ń yan fanda lọ là ń pè. Ẹ dúró díẹ̀ lábẹ́ agboòrùn àwọn tó ń ta káàdì ní gáréèjì. Ọmọbìnrin kan na fóònù tí ojú rẹ̀ ti là síwájú: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi fi dátà igba náírà sí i. Ti mọ́mì mi ni o, ẹ má jẹ́ kó jù bẹ́ẹ̀ lọ.” Fóònù ìyá ni. Ohun tó bá kọ síbẹ̀, ìyá lè kà á, ẹ̀gbọ́n lè kà á. Bó bá ní tirẹ̀ tó sì gbé e lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, tíṣà yóò gbà á. Nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2025, àjọ NCC fọwọ́ sí i kí àwọn ilé iṣẹ́ fóònù fi ohun tí kò ju ìdá 50 nínú 100 lọ kún owó wọn. Igba náírà kò tún lágbára tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Èdè wo ni yóò sì fi sọ ọ́? Ọmọ Ìlàjẹ lè fi Yorùbá gbé e. Ọmọ Ẹ̀gùn ńkọ́? Ọmọ Ìjọ̀ ńkọ́? Adití tí wọ́n ní kó pe nọ́ńbà ńkọ́? Wọ́n fún ọmọ ní ilẹ̀kùn tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹlòmíì, wọ́n wá ń bi í léèrè ìdí tí kò fi wọlé.

Òfin ńkọ́? Òfin 1958 tó ń pe aláìsàn ọpọlọ ní wèrè ló ń ṣiṣẹ́ títí di oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2023 tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí tuntun. Apá 327 nínú ìwé òfin ọ̀ràn dídá ìjọba àpapọ̀ ní kí ẹni tó bá gbìyànjú láti pa ara rẹ̀ lọ ṣẹ̀wọ̀n ọdún kan. Lóòótọ́, Èkó ti yọ ẹ̀wọ̀n kúrò nínú tirẹ̀, ilé ìwòsàn ló ní kí adájọ́ rán an lọ. Ọmọ ọdún 14 wo ni wọ́n ti ṣàlàyé ìyẹn fún? Ẹ̀wọ̀n ni òun gbọ́. Ẹni tó ní ìròyìn ayọ̀ tó gbé e pamọ́ fún ọmọ tó ń kú lọ, ọ̀daràn ni.

Wọ́n á ní iṣẹ́ náà tóbi. Àwọn ẹlòmíì ti dáwọ́ lé e. Nínú oṣù Bélú 2023, ìlú New York gbé Teenspace, ètò ìmọ̀ràn lórí fóònù, kalẹ̀ fún ọmọ ọdún 13 sí 17, lọ́fẹ̀ẹ́, mílíọ̀nù 26 dọ́là fún ọdún mẹ́ta. Mi ò yìn wọ́n jù: nígbà tó di 2024, àwọn òbí àtàwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ ti ń fẹ̀sùn kàn án pé kò pa àṣírí ọmọ mọ́ dáadáa. Níbi tí owó wà, wọ́n ṣì ń jà sí àṣírí. Àwọn tiwa kò tíì ná ohun tí èèyàn lè torí ẹ̀ bá wọn jà.

Bí fóònù bá sì kùnà, ibo ló kù? Ilé ìwòsàn ọpọlọ Yaba, tó ti wà láti 1907, àti ẹ̀ka rẹ̀ tó ń tọ́jú ọmọdé l'Óṣòdì. Ìyá tó bá gbéra n'Ígbónla yóò gba Ìtòìkín, yóò gba gáréèjì Ìkòròdú, yóò gba Mile 12, kó tó fojú kan Óṣòdì, ọjọ́ náà ti bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ọjà ọjọ́ náà sì ti lọ. Dókítà ọpọlọ tó wà ní gbogbo Nàìjíríà kò tó 300, àwa sì ju igba mílíọ̀nù lọ. Wọ́n mọ iye yẹn kí wọ́n tó máa pín nọ́ńbà fóònù fún ọmọ.

Àwíjàre wọn, a ti gbọ́ ọ: kò sówó. Òfin 2023 yẹn fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n dá àpò owó kan sílẹ̀ fún ìtọ́jú ọpọlọ. Kí wọ́n mú ìwé ìṣirò àpò náà wá síwájú yín, kí wọ́n ṣí i sí ojú ewé Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, kí wọ́n sì kà á sókè.