Ẹ Má Tíì Tú Ẹ́ńjìnì Yẹn

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ tí a ń fi ọwọ́ ara wa tò ní wọ́ọ̀kṣọ́ọ̀pù ti di ohun tí tọmọdé tàgbà ń dá sí. Àwọn kan ní kí a yọ supercharger náà dànù. Àwọn kan ní ring ti jẹ, pé kí a tú ẹ́ńjìnì palẹ̀. Àwọn àgbà wa tí wọ́n ti gboyè jáde, tí wọ́n sì dáwó fún iṣẹ́ náà, ń bi wá léèrè ohun tí a fi owó wọn ṣe. A bọ̀wọ̀ fún gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo àwọn tó ń dájọ́ yìí, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó gbé gauge dání wá.

Ohun tí à ń bá jà nìyẹn, kò sì mọ sórí ọkọ̀ tiwa nìkan. Àṣà kan ti wọ̀ wá lẹ́wù: bí nǹkan bá ti ń ṣe ségesège, a óò pààrọ̀ rẹ̀, bí kò bá tún lọ, a óò pààrọ̀ èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tí owó bá tán, a óò wọ́ ọkọ̀ náà lọ sẹ́yìn ilé, sẹ́ẹ̀tì tó ń bọ̀ yóò sì bẹ̀rẹ̀ tiwọn láti orí irin òfìfo. Ẹ lọ wo ẹ̀yìn wọ́ọ̀kṣọ́ọ̀pù. Chassis mẹ́ta ló wà níbẹ̀ tí koríko ti hù bò, kò sì sí ẹni tó lè sọ ohun tó pa èyíkéyìí nínú wọn.

Iṣẹ́ tí supercharger ń ṣe kò le láti yé ènìyàn. Ẹ́ńjìnì lásán ń fa afẹ́fẹ́ símú fúnra rẹ̀. Supercharger ń kì í sí i lẹ́nu. Fánbẹ́ẹ̀tì ló ń yí i láti ara crankshaft. Ọdún 1860 ni àwọn ará ilé Roots ní Indiana, ní Amẹ́ríkà, ti gba ìwé àṣẹ lórí irú ẹ̀rọ tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ báyìí, kí ọkọ̀ epo tó wà lójú títì rárá. Nígbà tó fi di 1921, Mercedes ti gbé ọkọ̀ tó ní in jáde fún títà. Eaton M45 ni tiwa, ara Mercedes tòkunbọ̀ kan tí wọ́n kọ Kompressor sí lẹ́yìn búùtù ni wọ́n ti tú u. Orúkọ rẹ̀ gan-an sọ ìwọ̀n rẹ̀: cubic inch 45, nǹkan bíi lítà 0.74, ló ń gbé ní ìyípo kan. Ẹ́ńjìnì wa jẹ́ lítà 1.8, four-stroke, nítorí náà lítà 0.9 ló ń gbé mì bí crankshaft bá yí lẹ́ẹ̀kan. Pulley tó wà lára crankshaft fẹ̀ tó mílímítà 120, ti supercharger jẹ́ 80, ìyẹn ni pé supercharger ń yí ní ìgbà kan àtààbọ̀ fún ìyípo kan ti ẹ́ńjìnì. Ẹ sọ 0.74 di ìlọ́po 1.5, yóò fún yín ní lítà 1.1. Lítà 1.1 fẹ́ gba ọ̀nà ọ̀fun tó ń gbé 0.9 mì. Ibẹ̀ ni boost ti ń wá, nǹkan bíi psi 5 ni a sì retí.

Psi 4 ni a rí ní 3,000 rpm, ṣùgbọ́n ní 5,000 ó wálẹ̀ sí 2. Wàyí o, gbogbo ẹnu ni ó ní “supercharger yẹn ti kú, wọ́n lù yín ní jìbìtì ni.” Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká rò ó pọ̀. Bí bypass valve bá há ní ṣíṣí, boost kò ní tó 4 níbì kankan. Bí afẹ́fẹ́ bá ń jò ní ojú gásíkẹ́ẹ̀tì, ìsàlẹ̀ ló yẹ kó ti hàn jù, níbi tí afẹ́fẹ́ kò tíì pọ̀. Èyí tó dára nísàlẹ̀ tó wá ń rẹ̀ bí eré ti ń pọ̀, ohun tó ń yọ̀ ni, tàbí ohun tó dí lẹ́nu ọ̀nà. A yọ filter, nọ́ḿbà kò yí padà. A wo ìdí pulley, a rí eruku dúdú rọ́bà tó tò yí i ká. Fánbẹ́ẹ̀tì kò gbá pulley kékeré náà mú dé ìdajì, nítorí náà ó ń yọ̀ ní gbogbo ìgbà tí iṣẹ́ bá le. Wẹ́dà bá wa sún idler, fánbẹ́ẹ̀tì wá fara mọ́ pulley dáadáa, boost sì dúró ní 5. A kò pààrọ̀ ohunkóhun.

Ti ring tí wọ́n ní ó jẹ ló dùn wá jù, torí pé ìyẹn ni ì bá gbé iṣẹ́ náà lọ sẹ́yìn ilé. Lóòótọ́, bí a bá ti tẹ iná, epo ẹ́ńjìnì ń ta jáde láti ojú dipstick. Mẹkáníìkì tó wá wò ó kò lò tó ìṣẹ́jú márùn-ún kó tó ní ká lọ wá owó top overhaul. Àwa bá tú pulọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, a wọn compression nígbà tí ẹ́ńjìnì ṣì gbóná, throttle wà ní ṣíṣí: psi 175, 170, 175 àti 172. A da epo díẹ̀ sínú sílíńdà, a tún wọ̀n ọ́n. Bí ring bá ti jẹ ni, nọ́ḿbà yẹn ì bá fò sókè nítorí pé epo yóò dí àlàfo rẹ̀. Kò fò. Kí ló wá ń ti epo jáde? Ọ̀nà kékeré kan wà tí wọ́n ń pè ní PCV, tí manifold fi ń fa èéfín inú crankcase. Nínú ẹ́ńjìnì lásán, fífà ni manifold ń fà nígbà gbogbo. Ẹ wá fi supercharger sí i: manifold kan náà ti di ibi tó ń fẹ́, bí valve yẹn kò bá sì pa ẹnu dáadáa, afẹ́fẹ́ yóò gba inú rẹ̀ padà lọ sínú crankcase, yóò sì ti epo jáde níbi tó bá rọ̀ jù. Check valve kan tó wọ inú ọwọ́ ló parí ọ̀rọ̀ tí wọ́n fẹ́ tú odidi ẹ́ńjìnì lé lórí.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó ń da gbogbo wa rú: nọ́ọ̀kì. Ní ojú títì, bí wọ́n bá ní ẹ́ńjìnì ti nọ́ọ̀kì, ó ti kú nìyẹn, ẹ gbé owó ẹ́ńjìnì tòkunbọ̀ míì wá. Èyí tó wà nínú ìwé wa kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìkìlọ̀ ni, ariwo epo tó gbiná fúnra rẹ̀ kó tó yẹ. Afẹ́fẹ́ tó wọ supercharger ní 30°C lè jáde ní nǹkan bí 80°C lórí psi 5, ooru yẹn ló sì ń pè é. Láti dáàbò bo piston, ó yẹ kí epo pọ̀ sí i nígbà tí boost bá wà, kí afẹ́fẹ́ jẹ́ nǹkan bí 12 sí epo 1 dípò 14.7. Sensor tó bá ẹ́ńjìnì wá láti ilé iṣẹ́ kò lè ka 12 yẹn ní pàtó. Wideband ló lè kà á. Òun ni ohun tí a ń tọrọ owó lé lórí láti oṣù mẹ́ta, tí wọ́n sì ń dá wa lóhùn pé kí a kọ́kọ́ kun ọkọ̀ lọ́dà, torí àwọn àlejò ń bọ̀ ní open day.

Ẹ̀yin tí ẹ ní turbo ló sàn, ẹ ní òtítọ́ díẹ̀ lẹ́nu. Supercharger ń jẹ nínú agbára crankshaft, turbo sì ń lo èéfín tí à bá dà nù. Ṣùgbọ́n turbo fẹ́ ọ̀nà epo tirẹ̀, ó fẹ́ exhaust manifold tí a óò jó ní tuntun, ó sì máa ń gbóná bí ààrò. M45 ní epo tirẹ̀ nínú ikùn. Ẹni tó sọ pé bíréèkì ló yẹ kó ṣáájú agbára, òun nìkan la gbà fún pátápátá: ọkọ̀ yìí kò ní jáde ní géètì títí a ó fi wọn bíréèkì rẹ̀.

Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ ẹ̀ka wa kò pọ̀. Kí wọ́n fún wíwá àléébù ní máàkì, kó má jẹ́ ọkọ̀ tó tàn lọ́jọ́ àlejò nìkan ló ń pàsì. Kí sẹ́ẹ̀tì tó ń bọ̀ gba ọkọ̀ yìí lọ́wọ́ wa pẹ̀lú ìwé rẹ̀, dípò kí wọ́n lọ ra irin tuntun. Ẹ̀yin àgbà wa, kí owó tó kàn lọ sórí wideband kí ó tó lọ sórí ọ̀dà. Ìwé tí a kọ gbogbo nọ́ḿbà yìí sí wà lórí ìṣó lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀kṣọ́ọ̀pù, bírò wà lára rẹ̀. Ẹni tó bá ṣì fẹ́ kí a tú ẹ́ńjìnì náà, kó lọ kọ ohun tó wọ̀n síbẹ̀, kó sì fọwọ́ sí i.