Ta Ni Ó Ni Ìlú? Parakou àti Ẹ̀tàn Ẹlẹ́ṣin Kan Ṣoṣo

Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn lẹ́nu àwọn ọmọ ìlú kan: pé ìran tí ó gun ẹṣin wọ ìlú ni ó ni ín, àti pé àwọn yòókù, ìbáà jẹ́ ní Titirou ni a ti bí wọn àti baba wọn, àlejò ni wọ́n ní Parakou. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí ọmọ ọba, ṣùgbọ́n ìtàn kò gbè é lẹ́sẹ̀.

Ẹṣin nìkan kò dá ìlú kankan sílẹ̀ ní ilẹ̀ Ìbàrìbá. Àwọn àgbẹ̀ ni ó kọ́kọ́ wà níbẹ̀. Olórí ilẹ̀ wọn ni ó ń bọ ilẹ̀. Nígbà tí àwọn Wasangari, jagunjagun ẹlẹ́ṣin, dé tí wọ́n sì gba ìjọba, wọn kò gba iṣẹ́ yìí lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn oníṣòwò Wangara tọ ọ̀nà obì láti Gonja lọ sí ilẹ̀ Haúsá, wọ́n sì mú Ìsìláàmù wá. Fúlàní ń da màlúù. Àwọn Gando, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ìran ẹrú, ń ro oko tí ààfin ń jẹ. Ètò náà kò dọ́gba, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi oyin bò ó. Síbẹ̀, ta ni a lè yọ kúrò nínú rẹ̀ tí ìlú yóò ṣì dúró?

Ọba gan-an kò dá dúró. Níbi ọdún Gaani ní Nikki, obìnrin ni, Gnon Kogi, ọmọ ọba, ni ó ń fá orí àwọn ọmọ ọba tí wọ́n sì ń gba orúkọ oyè.

Ẹni tí ó bá sì ń pe Yorùbá ní àlejò, kí ó rántí Aláàfin Onígbogí, ẹni tí ìtàn Ọ̀yọ́ sọ pé ó sá fún Tápà lọ sí ilẹ̀ Ìbàrìbá. Wọ́n gbà á. Ní nǹkan bí ọdún 1835, Ìbàrìbá bá Aláàfin Olúewu jagun Ìlọrin. Ọba Nikki àti Aláàfin jọ ṣubú nínú ogun Ẹlẹ́dùwẹ̀. Ta ni àlejò nínú ẹ̀jẹ̀ tí a jọ ta sílẹ̀?

Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì ni ó pín ilẹ̀ náà sí méjì ní ọdún 1898 láìbi ẹnikẹ́ni. Lónìí, òfin ìpìlẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ti gba oyè ìbílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùtọ́jú àṣà láti ọdún 2019, ilé aṣòfin sì ṣe òfin rẹ̀ ní ọdún 2025. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n bí àwọn ọmọ oyè bá lo òfin yìí láti lé aládùúgbò wọn kúrò nínú ìtàn, iṣẹ́ àwọn tí ó fa ààlà 1898 ni wọ́n ń parí.

Igi kan kì í dá igbó ṣe. Adé tí kò mọ olórí ilẹ̀, ọlọ́jà àti aroko, fìlà lásán ni.