Kí Wọ́n Tó Ra Kọ̀ǹpútà Mìíràn



Bí ojú òṣìṣẹ́ kan bá fọ́ lẹ́nu iṣẹ́, ohun tí àwọn agbanisíṣẹ́ sábà máa ń sọ ni pé kò sí iṣẹ́ fún un mọ́. Irọ́ ni. Àkọsílẹ̀ ọjà, tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀, ìwé owó-oṣù, orí kọ̀ǹpútà ni ọ̀pọ̀ wọn wà lónìí, ètò sì wà tí ń ka ohun tí ó wà lójú kọ̀ǹpútà sétí ẹni tí kò ríran. Ọ̀kan nínú wọn, NVDA, ọ̀fẹ́ ni. Michael Curran ará Ọsirélíà, tí òun fúnra rẹ̀ kò ríran, ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 2006.

Ṣùgbọ́n ètò akàwé yìí kò lójú tirẹ̀. Ẹ wo kọ̀ndọ́kítọ̀ ní gáréèjì: bí ọ̀gá gáréèjì kò bá sọ ọkọ̀ tí ó kàn fún un, ọkọ̀ Ìbàdàn lè wà níwájú kí ó máa pe Abẹ́òkúta. Nínú kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tí a ṣí ní fèrèsé tirẹ̀. Alákòóso fèrèsé ni ọ̀gá gáréèjì ibẹ̀: òun ni ó mọ èyí tí ó wà níwájú, òun ni ó sì ń darí bọ́tìnì tí a bá tẹ̀ síbi tí ó yẹ.

Lórí Linux, Orca ni akàwé tí a mọ̀ jù. Ilé-iṣẹ́ Sun ni wọ́n ti ń ṣe é. Nígbà tí Oracle ra Sun ní 2010, wọ́n dá lára àwọn tí ń ṣe é dúró. (Àwa mọ irú èyí dáadáa.) Lẹ́yìn náà ni Wayland ń rọ́pò ètò fèrèsé àtijọ́. Nítorí ààbò, kò jẹ́ kí ètò kan máa gbọ́ bọ́tìnì tí a tẹ̀ fún òmíràn. Ìyẹn dára láti lé olè, ṣùgbọ́n ó ti Orca náà mọ́ta. Lórí GNOME, ó di 2025 kí alákòóso fèrèsé tó la ọ̀nà gidi fún un. Ilé ti mọ tán kí wọ́n tó rántí ìlẹ̀kùn!

Òfin tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní 2019 ní kí àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba gbìyànjú kí aláàbọ̀ ara tó 5 nínú 100 òṣìṣẹ́ wọn. Kí ni wọn yóò fi ṣiṣẹ́ bí kọ̀ǹpútà bá yadi?

Nítorí náà, kí a fi èyí sínú àdéhùn wa: kí wọ́n má ra ètò kankan títí òṣìṣẹ́ tí kò ríran yóò fi jókòó tì í, tí yóò sì fi bọ́tìnì nìkan ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan parí. Ẹ gbé e wá sí ìpàdé ẹ̀ka wa tí ó ń bọ̀.