Kì Í Ṣe Eegun Ẹ̀yìn Nìkan Ló Yẹ Ká Wọ̀n

Àwọn oníṣègùn kárí ayé ní ìwé ìbéèrè kan tí wọ́n fi ń díwọ̀n bí ayé ṣe rọ èèyàn lọ́rùn tó. SF-36 ni wọ́n ń pè é, ìbéèrè 36 ló sì wà nínú rẹ̀. Ó ń béèrè bóyá èèyàn lè rìn ju máìlì kan lọ, bóyá ó lè gun àtẹ̀gùn. Ọ̀dọ́kùnrin tí ọta ìbọn tàbí jàǹbá ọkọ̀ ti ba okùn inú eegun ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́, kó tó la ẹnu ló ti fìdí rẹmi.

WHOQOL-BREF ti Àjọ Ìlera Àgbáyé sàn jù ú lọ. Ìbéèrè 26 ló ní, ọ̀nà mẹ́rin ló sì ń wò: ara, ọkàn, àjọṣe àti àyíká. Àyíká yìí ló yẹ ká tẹjú mọ́ jù ní Maiduguri. Ní àdúgbò bíi Bulabulin, kí ni kẹ̀kẹ́ arọ fẹ́ ṣe nínú iyanrìn? Nígbà tí dáàmù Alau fọ́ ní ọjọ́ 10 Oṣù Kẹsàn-án 2024, omi bo apá ńlá ìlú, ó wọ ilé ìwòsàn Yunifásítì pàápàá. Ẹni tó lẹ́sẹ̀ sá. Ẹni tí kò lè dìde ń retí ẹni tí yóò gbé e. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá gba máàkì kékeré, ṣé ẹ̀yìn rẹ̀ la fẹ́ dá lẹ́bi ni?

Àwọn kan á ní kí wọ́n bi mọ̀lẹ́bí tó ń tọ́jú rẹ̀, torí òun ló mọ ìyà tó ń jẹ aláìsàn náà. Àánú máa ń pa irọ́. Ìwádìí tí Albrecht àti Devlieger tẹ̀ jáde ní 1999 fi hàn pé ó ju ìdajì àwọn àkàndá tí wọ́n fọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò lọ ló ní ayé àwọn dára, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú ẹlòmíràn kò rí i bẹ́ẹ̀. Fún ẹni tí okùn ẹ̀yìn rẹ̀ bà jẹ́, rọ́bà ìtọ̀ tó mọ́, tìmùtìmù tí kì í jẹ́ kí ìdí dégbò, ẹni tí yóò yí i padà lóru: ìwọ̀nyí ṣe pàtàkì ju àtẹ̀gùn lọ.

Àṣìṣe ni kí wọ́n ro máàkì ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin inú WHOQOL-BREF pọ̀ di ẹyọ kan, torí ibẹ̀ ni ẹ̀bi ìlú ti ń fara pamọ́ sẹ́yìn àìsàn. Òfin tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní Oṣù Kìíní 2019 fún àwọn ilé tí gbogbo èèyàn ń wọ̀ ní ọdún márùn-ún láti ṣe ọ̀nà tí àkàndá yóò lè gbà. Ọdún márùn-ún náà ti pé láti 2024. Kí àwọn oníṣègùn Maiduguri gbé máàkì àyíká lọ síwájú ìjọba Borno, kí wọ́n má kàn tì í sínú fáìlì aláìsàn.