Òdo Kì í Ṣe Àlàfo

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, àwọn kan ní kí á gbàgbé ọ̀ràn ìwé orúkọ olùdìbò tí ó dá ìjà sílẹ̀ nínú ìpàdé wa ní Richmond. Èmi kò gbà. Àwọn tí kò jẹ ẹgbẹ́ ní kọ́bọ̀ ni orúkọ wọn pòórá, tí àwọn onígbèsè sì wà níbẹ̀ rekete! Àwọn mìíràn wakọ̀ láti àárín Houston wá, nǹkan bí 30 máìlì, a sì ní kí wọ́n lọ jókòó sẹ́yìn.

Ẹnikẹ́ni kò ṣe èrú. Nínú array tí a kó orúkọ wa sí, object kọ̀ọ̀kan dúró fún ẹnì kan: orúkọ rẹ̀ àti iye tí ó jẹ. Akọ̀wé fẹ́ yọ àwọn tí a kò kọ nǹkan kan síwájú orúkọ wọn kúrò, ni ó bá kọ filter(m => m.gbese). Ó kúrú, ó sì dùn ún wò. Ṣùgbọ́n láti ọdún 1995 tí Brendan Eich ti ṣe JavaScript, níbikíbi tí a bá ti bi í ní bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, "bẹ́ẹ̀ kọ́" ni 0 ń jẹ́, gẹ́gẹ́ bí null, undefined àti "". Ẹni tí ó san tán, 0 ni gbèsè rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe gbá olóòótọ́ mọ́ ìdọ̀tí.

Arákùnrin kan dìde, ó ní kí á kọ́kọ́ fi Number sọ gbogbo rẹ̀ di òǹkà. Ìyẹn tilẹ̀ burú jù, nítorí null àti "" a máa di 0 lọ́wọ́ Number. Ẹni tí kò dá wa lóhùn rí yóò wá di ẹni tí ó san tán. (Bóyá ohun tí arákùnrin wa ń fẹ́ gan-an nìyẹn.)

Èyí tí ó tọ́ kò gùn: filter(m => m.gbese != null && m.gbese !== "").

Ní tèmi, kí á má tilẹ̀ da ẹnikẹ́ni nù. filter kì í fọwọ́ kan array àkọ́kọ́, tuntun ni ó ń ṣe. Kí á ṣe méjì nígbà náà: ọ̀kan fún àwọn tí a mọ iye tí wọ́n jẹ, èkejì fún àwọn tí àlàfo wà níwájú orúkọ wọn. Kí akápò mú èkejì, kí ó tẹ̀ wọ́n láago lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹlòmíràn ti san, àwa ni a kò kọ ọ́. Ìbò ọjọ́ náà kò sì lè dúró. Kí á tún un dì, kí àwọn tí a lé sẹ́yìn náà ju ìwé tiwọn sínú àpótí.